Bí ẹ ṣe lè fẹsẹ̀ rin erékùṣù Gberefu já: láti etí ọsà Àgbádárìgì dé etí òkun, àlọ àti àbọ̀ lọ́jọ́ kan

Ìbéèrè kan náà ni ẹ máa ń bi mí bí ìsinmi bá ti ń sún mọ́: ṣé èèyàn lè kúrò ní Èkó láàárọ̀, kó sọdá sí Gberefu, kó fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí òkun wà, kó sì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ìrìn orí erékùṣù náà fúnra rẹ̀ kò le. Láti èbúté dé etí òkun, nǹkan bí ìdajì wákàtí ni fún ẹni tó bá ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tó máa ń ba ọjọ́ náà jẹ́ ni kéèyàn pẹ́ nílé, kó dé etí ọsà nígbà tí oòrùn ti wà lágbedeméjì ọ̀run, kó wá máa bá òjò àti òkùnkùn du ọ̀nà àbọ̀.

Nítorí náà, aago tí ẹ máa padà sọdá ọsà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Òun ló máa sọ aago tí ẹ gbọ́dọ̀ jí.

Gberefu ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà dé òkun láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n n kò ní sọ ìtàn òwò ẹrú náà níbí. Àwọn tó ń mú àlejò kiri ní Àgbádárìgì mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ẹ sì máa gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, omi, oòrùn àti owó ni tèmi.

## Irú ibi tí ẹ ń lọ

Gberefu, tí àwọn kan ń pè ní Yovoyan, jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn gbọọrọ. Ọsà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òkun Àtìláńtíìkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Bí ẹ bá dúró sí Marina nílùú Àgbádárìgì, ẹ máa rí i ní iwájú yín. Ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì máa ń sọdá láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10.

Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa: kì í ṣe ọgbà ìjọba tó ní géètì àti aṣọ́gbà. Àwọn Ògù, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Ẹ̀gùn, ló ń gbé ibẹ̀. Ẹja ni wọ́n ń pa, àgbọn ni wọ́n ń kó. Àdúgbò wọn lẹ ń là kọjá. Ẹ má sì retí ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ṣọ́ ẹni tó wọ òkun. Bí ewu bá dé, àwọn tí ẹ jọ lọ àti àwọn apẹja tó bá wà nítòsí nìkan ló lè ràn yín lọ́wọ́.

## Ìgbà tó dára jù

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára jù. Yanrìn gbẹ, òjò ṣọ̀wọ́n. Bí ọyẹ́ bá mú ní oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní, kùrukùru lè bo ọsà láàárọ̀. Bí ẹ kò bá lè rí etí kejì, ẹ dúró kí ojú ọjọ́ là kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, òjò ni, oṣù kẹfà ló sì máa ń pọ̀ jù. Ní oṣù kẹjọ, òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn a sì rò pé àsìkò eré etí òkun ti dé. Òkun kì í rọlẹ̀ ní àsìkò yẹn. Ẹ lè lọ wò ó, ẹ dúró lókèèrè.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ìparí rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù, ìyẹn oṣù kẹta sí ìkarùn-ún àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Àárọ̀ á mọ́ lóló, bó bá di ọ̀sán, ojú ọ̀run á ṣú lójijì, ìjì á sì ṣáájú òjò. Ọkọ̀ kékeré kò gbọdọ̀ wà lórí ọsà nígbà yẹn.

Ohun mìíràn tí òjò ń gbé wá ni koríko ojú omi tí ewé rẹ̀ ń dán, tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò. Àwọn ará odò ń pè é ní gbéborùn. Ojú omi Àgbádárìgì yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ kíyè sí i ní Nàìjíríà, ní ọdún 1984, ó gba ojú omi láti orílẹ̀-èdè Benin wọlé. Omi iyọ̀ ló ń pa á. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dín kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá wọ inú ọsà, tó sì máa ń bo ojú omi nígbà òjò. Bó bá wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, atukọ̀ á pa á, á gbé e sókè, á máa já koríko kúrò. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá dìde láti wòran ló lè da ọkọ̀ dé.

Ẹ yẹra fún ọjọ́ Iléyá, ọjọ́ Kérésìmesì àti ọjọ́ Ajé Àjíǹde bí ẹ bá lè yẹra. Èrò a máa pọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè fẹ́ rọ́ èèyàn kún inú ọkọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ ló tutù jù.

## Ẹ ti ẹ̀yìn ka aago yín

- Aago 4 ìrọ̀lẹ́: ẹ ti wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń padà.
- Aago 1:30 ọ̀sán: ẹ ti padà sí etí ọsà ní ìlú. Ẹ jẹun, ẹ sinmi.
- Aago 12:30: ẹ ti kẹ́yìn sí òkun.
- Aago 10 àárọ̀: ẹ wà nínú ọkọ̀ ojú omi.
- Aago 9 àárọ̀: ẹ ti dé Àgbádárìgì.
- Aago 6 àárọ̀: ẹ ti wà ní Mile 2.

Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá yín dúró tí aago 12 ọ̀sán fi lù ní Àgbádárìgì, ẹ má sọdá mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ rìn nínú ìlú dípò rẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1845, ilé Seriki Abass tó ń ṣòwò ẹrú láyé àtijọ́, ọjà Vlekete tí wọ́n ti ń ta ẹrú nígbà yẹn, àti Badagry Heritage Museum kò jìnnà síra wọn. Ọjọ́ yín kò ní ṣòfò, Gberefu kò sì ní sá lọ.

## Ẹrù tí ẹ máa dì

Ẹ jẹ́ kó fúyẹ́. Yanrìn máa ń sọ ẹrù kékeré di ńlá.

- Omi mímu, ó kéré tán lítà 2 fún ẹnì kan.
- Oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́: ẹ̀pà, bisikíìtì, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ fi jọ̀lọ́ọ̀fù sílé.
- Bàtà kámbáàsì tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Sílípáàsì dára ní etí omi, kò dára fún ìrìn náà.
- Ìbọ̀sẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn tó fúyẹ́, nítorí èèmọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tó bá wà ní ìhòòhò.
- Akẹtẹ̀ tàbí fìlà tó ní etí gbòòrò. Ìborùn náà dára.
- Oògùn ẹ̀fọn, báńdéèjì, àti iyọ̀ àti ṣúgà àpòpọ̀ tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn fún ẹni tí omi ara rẹ̀ ń gbẹ.
- Owó beba, kó pọ̀ ní ẹyọ kéékèèké. Ẹ gba owó lọ́dọ̀ oníPOS nínú ìlú kí ẹ tó sọdá, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fífi fóònù sanwó lórí erékùṣù.
- Káàdì ìdánimọ̀ kan. Ọ̀nà ẹnu ibodè ni ọ̀nà Àgbádárìgì.
- Ọ̀rá tí kò jò fún fóònù, àti ọ̀rá ńlá kan fún ìdọ̀tí.
- Kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan tí ìdérí rẹ̀ le, pẹ̀lú okùn gígùn. Ìwúlò rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Bí ẹ bá ní dírónù, ẹ fi í sílé. Ẹ̀ ń sún mọ́ ẹnu ibodè, kò sì sí àyè láti gbé e fò láìgba àṣẹ ìjọba.

## Bí ẹ ṣe máa dé Àgbádárìgì

1. Ẹ dé Mile 2. Ẹni tó bá ń ti Ìkòròdú bọ̀ lè gba Mile 12 àti Oshodi. Ẹni tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó lè wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line láti Marina. Láti oṣù kẹsàn-án 2023 ló ti ń gbé èrò dé Mile 2. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, kí ẹ sì ti fi owó sí i lálẹ́ àná. Marina ti Èkó nìyẹn o, ẹ má ṣì í mú fún Marina ti Àgbádárìgì tí ọkọ̀ ojú omi wà.
2. Inú gáréèjì ni kí ẹ ti wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì. Ẹ bi wọ́n léèrè dáadáa: àwọn ọkọ̀ kan ń dúró ní Àgbárá, àwọn mìíràn ń lọ tààrà sí Sẹ̀mẹ̀. Ẹ sọ pé “Àgbádárìgì, ráńdàbáọ̀tù”, kí ẹ sì jókòó sí ibi tí awakọ̀ ti lè gbọ́ ohùn yín.
3. Ní ráńdàbáọ̀tù, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí ọ̀kadà lọ sí Marina. Ẹ dúnàá-dúrà kí ẹ tó gòkè.

Kò dá mi lójú pé ẹnikẹ́ni lè búra iye wákàtí tí ọ̀nà yẹn máa gbà. Ẹ fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ fún un.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé àpò nínú ọkọ̀, àní bó jẹ́ ìyá arúgbó ló bẹ̀ yín. Àwọn aṣọ́bodè máa ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà yìí, ẹni tí ẹrù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa bi léèrè. Bí ẹ bá sì sún mọ́ ìhà Sẹ̀mẹ̀, fóònù lè gbá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ Benin mú. Ẹ pa rómìn (roaming) lórí fóònù kí owó yín má bàa lọ láìmọ̀.

## Ní etí ọsà

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Ìṣẹ́jú 10 péré ni ọkọ̀ náà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn èèyàn kì í fẹ́ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa mú yín kiri. Ẹ lè bèèrè ní Badagry Heritage Museum tàbí ní èbúté. Ẹ jọ sọ owó, ẹ bèèrè bóyá owó ọkọ̀ àti owó tí wọ́n ń san fún àdúgbò wà nínú rẹ̀. Èèyàn lè dá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ àwọn ará erékùṣù máa gbà yín lọ́wọ́ àríyànjiyàn púpọ̀.

Bí ẹ bá fúnra yín bá atukọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ sọ ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èèyàn mẹ́rin ni wá. Gberefu là ń lọ, àlọ àti àbọ̀. Èló ni?”

“Ṣé ẹ máa dá ọkọ̀ gbà ni, àbí ẹ máa dúró kó kún?”

“A máa dúró. Ta ló máa wá gbé wa padà, aago mélòó sì ni?”

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì ju iye owó lọ. Ẹ san ìdajì, ẹ ní ẹ máa san ìyókù nígbà tí ẹ bá padà gúnlẹ̀ sí Marina. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì pè é lójú ẹsẹ̀ kí ẹ lè rí i pé fóònù rẹ̀ ń dún.

Ẹ wo láìfù jákẹ́ẹ̀tì náà dáadáa kí ẹ tó wọ̀ ọ́:

1. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Fóòmù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ le díẹ̀, kó sì padà sípò. Bó bá ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀ tàbí tó ń ro omi, ẹ dá a padà.
2. Ẹ de gbogbo ìkọ́ rẹ̀. Bí ìkọ́ kan bá ti kán tí wọ́n fi okùn so ó, ẹ bèèrè òmíràn.
3. Ẹ fa bẹ́líìtì rẹ̀ kó fún yín mọ́ra.
4. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè láti èjìká yín. Bó bá gòkè dé etí yín, ó ti tóbi jù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa yọ lára yín nínú omi.

Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọdé. Ìyá tó pọn ọmọ gbọ́dọ̀ sọ ọmọ náà kalẹ̀, kó gbé e sí iwájú, kó má fi ọ̀já dè é mọ́ ara. Òfin ni láìfù jákẹ́ẹ̀tì lórí omi Èkó, LASWA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ojú omi Èkó, kò sì fàyè gba ọkọ̀ tí èrò inú rẹ̀ kò wọ̀ ọ́. Bí atukọ̀ bá ní “ibí kò jìn”, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn.

Ẹ tún wo etí ọkọ̀ náà nígbà tí gbogbo èrò bá ti jókòó. Bí omi bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹnu rẹ̀ dọ́gba, ọkọ̀ ti kún jù. Ẹ fi owó du ẹ̀mí.

## Ìrìn náà gan-an

1. Ẹ ṣe ohun tí ẹ ní í ṣe nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní Marina kí ẹ tó sọdá.
2. Bí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ kí àwọn tí ẹ bá bá ní èbúté kí ẹ tó yọ fóònù láti ya àwòrán. Ọ̀pọ̀ wọn gbọ́ Yorùbá, “ẹ kú ilé o” sì tó.
3. Ẹ tọ ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti là. Igi àgbọn wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ má gba ọ̀nà ẹ̀bùrú nínú igbó nítorí pé ẹ ń gbọ́ ariwo òkun, ariwo yẹn máa ń tan èèyàn.
4. Ẹ wá ibi tí táyà ọ̀kadà ti tẹ̀, yanrìn ibẹ̀ le ju ti àárín lọ. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúkúrú, ẹ tẹ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ síwájú lórí yanrìn, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ máa fà kó tó dé.
5. Ẹ mu omi díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ má dúró di ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ yín.
6. Ẹ máa dé ibi kànga tí wọ́n sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ gbọ́ àlàyé ẹni tó mú yín wá, kí ẹ sì rẹ ohùn sílẹ̀.
7. Lẹ́yìn kànga, ẹ máa bá ìrìn lọ títí ẹ ó fi rí òpó méjì tó fì sí ara wọn, tó kọjú sí òkun. Ibi tí wọ́n ń pè ní Ojúkò Àìpadàbọ̀ (Point of No Return) nìyẹn.

Àwọn kan máa ń bi mí pé báwo ni omi kànga náà ṣe jẹ́ omi dídùn nígbà tí òkun wà nítòsí bẹ́ẹ̀. Omi òjò ló ń wọ inú yanrìn lọ, ó sì fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ, nítorí náà orí omi iyọ̀ ló máa ń dúró sí lábẹ́ ilẹ̀. Bí a bá fa omi jù níbẹ̀, iyọ̀ á gòkè wá. Omi yín tí ẹ gbé wá ni kí ẹ mu.

Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan nínú yín, tí ojú ń pòòyì í tàbí tí èébì ń gbé e, ẹ gbé e sí abẹ́ òjìji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nù ún lọ́rùn àti lábíyá, ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀díẹ̀. Ẹ ti parí ìrìn ọjọ́ yẹn nìyẹn, ẹ wá ọ̀kadà padà sí èbúté. Bó bá ń sọ ìsọkúsọ tàbí tó dákú, ẹ pe 112 tàbí 767, ẹ má sì da omi sí i lẹ́nu.

Ẹ má jókòó sábẹ́ igi àgbọn. Òjìji rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n igi náà lè ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ, èso tó bá sì já láti ibẹ̀ kì í kéde ara rẹ̀. Ẹ wo òkè kí ẹ tó tẹ́ aṣọ. Ẹ má ti ọwọ́ bọ abẹ́ òkìtì èèpo àgbọn, ejò àti àkeekèé fẹ́ràn ibẹ̀.

## Ní etí òkun

Ẹ má wẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le fún ẹni tó ti rìn dé ibẹ̀ nínú oòrùn, ṣùgbọ́n n kò ní i fi àmọ́ kankan sí i. Ìgbì etíkun yìí ti ọ̀nà jíjìn wá lójú agbami, kò sí àpáta tàbí erékùṣù níwájú tó máa dá a dúró. Ilẹ̀ lè jìn lójijì: ibi tí omi ti dé kókósẹ̀, ìṣísẹ̀ díẹ̀ síwájú, ó lè dé ìgbáyà.

Ohun tó ń gbé èèyàn lọ jù ni omi àpadà. Gbogbo omi tí ìgbì dà sórí yanrìn gbọ́dọ̀ padà sínú òkun, ó sì máa ń wá ojú ọ̀nà tóóró kan gbà padà tagbáratagbára. Ẹ dúró sí ibi tí yanrìn ti ga, ẹ wò ó fún ìgbà díẹ̀, ẹ máa dá a mọ̀. Ibì kan máa wà tí ìgbì kì í ti í fọ́ bíi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Omi ibẹ̀ lè dúdú, ó sì lè pọ́n nítorí yanrìn tó rú. Ìfòòfò orí rẹ̀ ń sún lọ sójú agbami dípò kó máa bọ̀ wá bá yín. Lójú àlejò, ibẹ̀ ló máa ń dà bí ibi tó rọlẹ̀ jù, ibẹ̀ náà ló sì máa ń fẹ́ wọ̀.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé omi gbé ẹnì kan, ohun tí ẹni náà máa ṣe nìyí:

1. Kó má bá omi jà, kó má sì gbìyànjú láti wẹ̀ tààrà padà. Agbára rẹ̀ ló máa tán.
2. Kó dojú kọ òkè, kó léfòó, kó máa mí.
3. Kó gbé ọwọ́ kan sókè, kó pariwo.
4. Bó bá lè wẹ̀, kó wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bíi pé ó ń tẹ̀ lé etíkun lọ. Bí omi bá dẹ̀ ẹ́, kó wá fì padà sí orí ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ilẹ̀, ẹ má sáré wọ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ là tí kò sì mọ ìwẹ̀ lè di ẹni kejì tí omi gbé. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo yẹn ni kí ẹ jù sí i, kí ẹ di okùn rẹ̀ mú. Ẹ ké sí àwọn apẹja, ẹ pe 112 tàbí 767, kí ẹnì kan má sì gbé ojú kúrò lára ẹni tó wà nínú omi.

Bí ẹ bá gbọ́ àrá, kódà bó jìnnà, ẹ kúrò ní gbalasa etí òkun. Ẹ má lọ fara pamọ́ sábẹ́ igi àgbọn tó dá dúró. Ẹ wá ilé gidi, ẹ sì fi ìdajì wákàtí sílẹ̀ lẹ́yìn àrá ìkẹyìn kí ẹ tó ronú nípa ọsà.

Bí ẹ bá bá àwọn apẹja níbi tí wọ́n ti ń fa àwọ̀n sórí ilẹ̀, ẹ má kọjá lórí okùn wọn. Okùn yẹn le koránkorán, ó sì lè ta sókè gbá èèyàn. Ẹ yí ẹ̀yìn wọn po. Bí wọ́n bá pè yín kí ẹ bá wọn fà á, ẹ bá wọn fà á, inú wọn máa dùn. Bí ẹ bá sì bá ọ̀nà ẹsẹ̀ ìjàpá òkun lórí yanrìn láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta, ẹ má wa ibi tí ó kó ẹyin sí. Ẹ jẹ́ kí ewéko tó ń fà lórí yanrìn, tó ní òdòdó àlùkò, wà níbi tó wà, òun ló ń di yanrìn mú kí òkun má bàa kó o lọ.

## Lórí ilẹ̀ onílẹ̀

Àgbọn tó já sílẹ̀ ní olówó. Ẹ rà á. Ẹni tó bá bẹ́ àgbọn tútù fún yín ti gun igi kó tó kàn yín, nítorí náà ẹ má bá a dúnàá-dúrà títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ẹ bèèrè kí ẹ tó ya ènìyàn ní fọ́tò, pàápàá àwọn ọmọdé. Bí ẹ bá rí ojúbọ, tàbí tí ẹ bá pàdé Zangbeto, egúngún àwọn Ògù, ẹ yà fún un, ẹ gbé fóònù sọ̀ kalẹ̀, ẹ ṣe ohun tí ẹni tó ń mú yín kiri bá sọ. Ilẹ̀ ìrántí ni Ojúkò Àìpadàbọ̀, kì í ṣe ibi ijó àti ẹ̀rọ orin. Gbogbo ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí ẹ gbé wá, ẹ kó o padà sọdá.

## Ohun tí àwọn èèyàn máa ń ṣe tí kò dára

- Wọ́n máa ń san gbogbo owó ọkọ̀ tán ní àlọ, atukọ̀ a sì lọ gbé èrò mìíràn.
- Wọ́n máa ń wo Àgbádárìgì tán kí wọ́n tó sọdá. Ẹ sọdá kọ́kọ́, oòrùn kò ní dúró dè yín, àwọn ilé inú ìlú ní òrùlé.
- Wọ́n máa ń rìn láìwọ bàtà nítorí fọ́tò. Ní aago 12, yanrìn yẹn máa ń jó ẹsẹ̀, egungun ẹja àti ìgò fífọ́ sì wà nínú rẹ̀.
- Wọ́n máa ń mu ọtí kí wọ́n tó dé etí òkun.
- Wọ́n máa ń sọ pé “a máa sọdá ní aago 6, ilẹ̀ kò tíì ṣú”. Ọkọ̀ ojú omi kò gbọdọ̀ rìn lálẹ́, ẹni tó bá sì gbà láti gbé yín lálẹ́ kò bìkítà fún ẹ̀mí yín.

## Bí ìrìn yìí kò bá bá yín mu

Ẹni tí orúnkún ń dùn lè wọ ọ̀kadà láti èbúté dé etí òkun. Kó ní kí ọlọ́kadà rọra, nítorí pé yanrìn máa ń yọ táyà. Aláboyún kò gbọdọ̀ wọ ọ̀kadà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi tó ń sáré fò lórí ìgbì kò yẹ ẹ́. Kó dúró sí Marina pẹ̀lú ẹnì kan, atẹ́gùn ibẹ̀ dára.

Ẹni tí ẹ̀rù omi ń bà tó sì fẹ́ rí òkun lè gba ojú títì lọ sí Suntan Beach, ní ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Ìkìlọ̀ òkun tí mo kọ sókè kan ibẹ̀ náà.

Ẹni tó ń wá ọgbà tó ní géètì, àmì ọ̀nà àti aṣọ́gbà, Lekki Conservation Centre ni kó lọ. Pákó ni wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà inú rẹ̀, afárá orí igi tó wà níbẹ̀ sì gùn tó mítà 401. Kò sí òkun níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè kó ọmọ wẹ́wẹ́ lọ.

Ẹni tó sì fẹ́ rìn ju ìdajì wákàtí lọ lè tẹ̀ lé etíkun Gberefu, ní orí yanrìn tútù tí omi ti fi sílẹ̀, torí pé ó le dáadáa. Kó má dá lọ. Kó mú ẹni tó mọ ibẹ̀ dání, kó wo aago, kó sì yí padà ní kété tí ìdajì omi tó gbé dání bá ti tán. Bó bá fẹ́ sùn síbẹ̀, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè kó tó pàgọ́. Bó bá padà délé tí ibà ń ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ibà kó tó ra oògùn, nítorí ẹ̀fọn etí ọsà kì í gbàlejò lásán.